Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tí Kò Mọ Nǹkan Kan

  Nínú ìwé ìròyìn ẹbí yìí, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ owó ilé la máa ń bá ara wa sọ jù. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ sinimá díẹ̀. Kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ o. Fíìmù ẹ̀rín kan ni, Without a Clue lorúkọ rẹ̀, ọdún 1988 ló jáde. Kò pa owó rẹpẹtẹ nígbà tó jáde, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, a ti wò ó títí tí àwọn ọmọ fi mọ ohun tí òṣèré fẹ́ sọ kí ó tó ya ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú wa wò ó. Ohun tó mú wa kọ̀wé nípa rẹ̀ lónìí ju ẹ̀rín lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ti gbọ́ orúkọ Sherlock Holmes. Òun ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó máa ń wo ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà èèyàn, tí á sì sọ ibi tí onítọ̀hún ti ń bọ̀. Arthur Conan Doyle ló dá a sílẹ̀ nínú ìtàn tó jáde ní 1887. Láti 1891 ni ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní The Strand ti ń gbé àwọn ìtàn kéékèèké rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni òkìkí kàn. Ìwé ńlá 4 àti ìtàn kéékèèké 56 ni Doyle kọ nípa rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Holmes tó ń sọ ìtàn náà ni Dókítà Watson. Àwa tí a ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 kò ṣàjèjì sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé Lápàdé wọ inú igbó ọ̀rọ̀ mọ adùn kí a máa wá ọ̀daràn látorí àmì kékeré.

Nínú àwọn sinimá àtijọ́ nípa Holmes, pàápàá àwọn 14 tí Basil Rathbone àti Nigel Bruce ṣe láàárín 1939 sí 1946, Watson ni wọ́n sọ di ọ̀dẹ̀. Holmes á ronú, Watson á ya ẹnu. Holmes á rí ọ̀daràn, Watson á ní, “Háà!” Without a Clue wá dojú gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Nínú fíìmù yìí, Watson gan-an ni ọlọ́gbọ́n. Òun ló ń tú àṣírí ọ̀daràn. Holmes kò tilẹ̀ sí rárá! Nígbà tí Watson kọ́kọ́ tú ọ̀ràn kan, ó ń wá ipò láàárín àwọn dókítà ńláńlá, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ń bá iṣẹ́ ọlọ́pàá kiri. Ló bá ní ẹnìkan tó ń jẹ́ Sherlock Holmes ló ṣe é. Irọ́ kékeré ni. Àmọ́ ìtàn náà dùn mọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ń fẹ́ òmíràn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Holmes dà? Ẹ jẹ́ ká rí i.”

Kí ni Watson yóò ṣe? Ó lọ háyà òṣèré kan tí kò rí iṣẹ́ ṣe, Reginald Kincaid. Ọ̀mùtí ni, ó ń ta tẹ́tẹ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin. Ṣùgbọ́n ó ga, ó dúró dáadáa, ohùn rẹ̀ sì jọ ohùn ọlọ́gbọ́n. Watson á kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, òun á dé fìlà sí i, á fi páìpù sẹ́nu, á lọ sọ ọ́ níwájú àwọn oníròyìn. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ látinú ara rẹ̀, ó di yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fura. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni wọ́n ń rí. Michael Caine ló ṣe Kincaid, Ben Kingsley ló ṣe Watson. Ben Kingsley yìí náà ló ṣe Gandhi ní 1982, tó sì fi gba ẹ̀bùn Oscar. Ojú tó fi ṣe Gandhi náà ló fi ń wo Kincaid bí ọ̀mùtí yẹn ṣe ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyẹn nìkan tó èèyàn rẹ́rìn-ín títí tí ikùn á fi máa dun ni.

Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ sú Watson. Ó lé Kincaid dànù, ó sì fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ náà ní orúkọ ara rẹ̀. Ó fún ara rẹ̀ lóyè tuntun, dókítà tí ń wo àrùn ìwà ọ̀daràn. Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Olùtẹ̀wé tó ń gbé ìtàn rẹ̀ jáde kò fẹ́. Àwọn ìjòyè ìjọba tí wọ́n wá bá a nílé, Holmes ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó tú gbogbo ọ̀ràn náà ló wà níwájú wọn yẹn o, wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọ̀gá ń bọ̀. Ó di dandan kí Watson lọ bẹ Kincaid kí ó padà wá.

Ibí yìí ni ẹ̀rín ti máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní pálọ̀ wa.

Iṣẹ́ oníṣirò owó ni iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká fi èdè rẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo èrè tí Watson jẹ, inú àkáǹtì ẹlòmíràn ló ń sàn án sí. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ gbà á jáde, wọ́n ní kó buwọ́ lùwé, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò sì bá ti ẹni tó ni àkáǹtì mu. Bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ni o! Kò sẹ́ni tó jà á lólè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ sí i.

Conan Doyle náà mọ ìrora yìí. Dókítà ni òun náà. Ó fẹ́ kí ayé mọ òun mọ ìwé ìtàn ogun àti ìtàn àwọn ọba tó ń kọ, ṣùgbọ́n Holmes kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Ní 1893, ó pa Holmes nínú ìtàn kan kó lè sinmi. Àwọn òǹkàwé bínú gan-an. Nígbà tó di 1901, ó kọ ìtàn mìíràn nípa ìgbà tí Holmes ṣì wà láyé, nígbà tó sì di 1903, ó jí òkú náà dìde. Ẹ tún wo èyí. Ilé iṣẹ́ ìfowópamọ́ kan ti wà rí ní Baker Street, ibi tí ìtàn sọ pé Holmes ń gbé. Nígbà náà, lẹ́tà tí àwọn èèyàn ń kọ sí Holmes máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ní akọ̀wé tó ń dáhùn lẹ́tà wọ̀nyí. Ẹnìkan ti gba owó oṣù rí láti dáhùn lẹ́tà ẹni tí a kò bí rí. Àwa oníṣirò owó kò tíì mọ abẹ́ orí-ìnáwó wo ni ìyẹn yẹ kó wà.

Ọ̀ràn tí Watson àti Kincaid ń tú nínú fíìmù náà, ọ̀ràn owó ni. Wọ́n jí àwo tí Bank of England fi ń tẹ ìwé owó £5. Ọ̀jọ̀gbọ́n Moriarty, olórí ọ̀tá Holmes, ló wà nídìí rẹ̀. Bí ayédèrú bá kún ìgboro, owó gidi náà á di bébà lásán. Ẹ̀yin ọmọ lè rò pé àsọdùn sinimá ni. Kì í ṣe àsọdùn. Ìwé owó £5 ti ìgbà náà, funfun ni, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀wé sí, pẹ̀lú tádàwà dúdú. Ìlérí báńkì pé òun yóò san iye náà fún ẹni tó bá mú un wá ló jẹ́ kó níye lórí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Násì ní Jámánì kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n, Júù ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n fipá mú wọn tẹ ayédèrú owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àgọ́ Sachsenhausen. Wọ́n ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí Bank of England fi dẹ́kun kíkó £10 àti èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní 1943. £5 tuntun aláwọ̀ búlúù tó rọ́pò funfun náà jáde ní 1957.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì kọ́ ló wà nínú fíìmù yìí, ọ̀kan náà ni. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń sá fún ayédèrú owó, bẹ́ẹ̀ ayédèrú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n sá bá. Kincaid ni ìwé owó tí kò ní wúrà lẹ́yìn. Watson ni wúrà tí kò ní ìwé. Ọjà kò gba wúrà náà nítorí pé kò rí àwòrán tó mọ̀ lára rẹ̀.

Ta ni nínú wa tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí? Ní ibi iṣẹ́ kan tí a ti ṣe rí nílùú yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá ibi tí owó kan ń gbà jò nínú ìwé ìṣirò. A rí i, a kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú àwọn ọ̀gá àgbà, ojú ewé àkọ́kọ́ ti yí padà, orúkọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Onítọ̀hún ga, ó dúró dáadáa, ohùn rẹ̀ sì jọ ohùn ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè, ojú wa ló ń wò. A mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, àwọn tó ń kọ́ ilé, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ní irú ìtàn yìí tiwọn. A kò kọ ọ́ láti sunkún. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni pé lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ wo fíìmù yìí pẹ̀lú wa, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín Watson, ìyá wọn ní, “Ẹ rọra o. Watson ló ń sanwó ilé yìí.”

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá wọlé láti ibòmíràn. Àkọ́bí wa, tó ń wá iṣẹ́ lẹ́yìn yunifásítì, ló sọ fún wa pé Ben Kingsley kì í ṣe orúkọ àbísọ. Krishna Bhanji ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Yorkshire ní 1943. Dókítà ni bàbá rẹ̀, Kẹ́ńyà ni wọ́n ti bí i, ìran Gujarati láti Íńdíà ni wọ́n. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eré, ó rò pé orúkọ àjèjì á dí òun lọ́nà, ló bá yí i padà. Michael Caine náà kọ́. Maurice Micklewhite lorúkọ rẹ̀, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, bàbá rẹ̀ ń gbẹ́rù ní ọjà ẹja Billingsgate, ìyá rẹ̀ ń tọ́jú ilé onílé. Ara orúkọ sinimá kan, The Caine Mutiny, ló ti mú “Caine.” Ọkùnrin méjì tí kò jẹ́ orúkọ wọn ló ń ṣe eré nípa ọkùnrin tó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́!

Àkọ́bí wa wá ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Tí Kingsley bá ń jẹ́ Krishna Bhanji lọ, ṣé wọ́n á fún un ní iṣẹ́ tí a fi ń wò ó lónìí? Orúkọ ìrìbọmi mi ni mo fẹ́ fi sórí fọ́ọ̀mù tí mo fi ń wáṣẹ́.” Orúkọ rẹ̀ gidi gùn, Olúwa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyá wa àgbà ló sì fún un.

A kò lè fi ọwọ́ gbá ìbéèrè náà dànù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 2009. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbani síṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí àti ìrírí bára mu, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Orúkọ òyìnbó lọ sí ibi 9 kó tó rí ìdáhùn rere kan. Orúkọ àwọn ẹ̀yà mìíràn, títí kan orúkọ ọmọ Áfíríkà, ní láti lọ sí ibi 16. Ìṣirò ni èyí, kì í ṣe àbá. Ìyá wọn mú ìdí kan ṣoṣo wá, ó ní, “Dádì wọn, oúnjẹ lọmọ ń wá, kì í ṣe oyè. Kó kọ́kọ́ wọlé ná. Tó bá wọlé tán, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pè é.”

Àwa ní, Watson náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ní kóun kọ́kọ́ rí ipò ná. Wàhálà rẹ̀ kì í ṣe pé ó háyà Holmes. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọjọ́ tó fẹ́ dá Holmes dúró, ẹnu rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Dádì, ẹ ti gbàgbé Kincaid.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo fíìmù náà, ẹ dárí jì wá tí a bá tú díẹ̀ nínú àṣírí. Ó dé ibì kan tí Watson kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kincaid mọ́, gbogbo èèyàn sì rò pé ó ti kú. Kincaid ló kù, pẹ̀lú ìgò ọtí. Atẹ̀wé báńkì kan tó sọnù ti fi àmì sílẹ̀, nọ́ńbà 234. Àwa ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ kígbe, nítorí nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ tí a bá fẹ́ pe ilé nìyẹn! Àmọ́ Orin Dáfídì 23, ẹsẹ 4, ni ó dúró fún. Kincaid ló tú u, kì í ṣe Watson. Ohun tó sì jẹ́ kó lè tú u ni pé òṣèré ni. Ẹsẹ náà mú un rántí eré tó ti ṣe rí, ìyẹn ló sì júwe gbọ̀ngàn eré tí àwọn ọ̀daràn sá sí. Ohun tí gbogbo wa fi ń bú u látìbẹ̀rẹ̀ ló gbà wọ́n là. Ní ìparí, níwájú àwọn oníròyìn, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìyìn fún Watson.

Àkọ́bí wa wá ní orúkọ tuntun kì í ṣe irọ́ dandan. Ó ní Kingsley ti sọ pé “Ben” jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pe bàbá òun ní ilé-ẹ̀kọ́, àti pé “Kingsley” wá láti ara ìnagijẹ bàbá bàbá òun, tó ń ta kànáfùrù ní Zanzibar. Ìran rẹ̀ wà nínú ìbòjú náà. Ti Caine tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin fi í joyè ní 2000, Maurice Micklewhite, orúkọ tó bá bàbá rẹ̀ jẹ́, ló fi gbà á. Orúkọ Caine ló ń ṣiṣẹ́, orúkọ bàbá ló gba oyè. Nígbà tó di 2016, ó yí ìwé rẹ̀ sí Michael Caine pátápátá, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú ń dá a dúró pé orúkọ inú páásìpọ́ọ̀tù kò bá ojú tí àwọn mọ̀ mu. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Watson ṣẹ sí i lára.

Ibi tí a bá a dé nìyí. Ọmọ náà kọ orúkọ ìyá wa àgbà sórí fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́ tán pátá láìgé e kúrú. A kò fipá mú un. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbà, ó ní ká bi òun ní ìparí ọdún. Bí a ti ń kọ èyí, fọ́ọ̀mù 11 ti lọ, ibi kan ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. A ń ka iye rẹ̀ o. Oníṣirò ni wá.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gbé fíìmù náà síwájú àwọn ọmọ kékeré, ẹ mọ̀ pé ọtí àti ìṣekúṣe ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Kincaid. Àwọn ọmọ tó ti tó lọ sí sẹ́kọ́ńdírì ló yẹ ẹ́ jù. Ẹ má sì rò pé gbogbo sinimá tó ń fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ló rí bákan náà. Murder by Death ti 1976 gbajúmọ̀ jù ú lọ, àwọn òṣèré ńlá ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Peter Sellers, ọmọ òyìnbó, ló kun ojú ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Ṣáínà níbẹ̀, ẹnu àjèjì tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. A wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tó wa. Nínú Without a Clue, ẹni tó ga, tó rẹwà, tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ń lọ sókè sàn fún ọmọ wa ju ẹ̀rín tó ń já lé wa lórí lọ.

A dábàá pé nígbà ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ wa wá ẹnìkan tó ní DVD rẹ̀, ká jọ wò ó, àgbà àtọmọdé. Lẹ́yìn rẹ̀, kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sọ fún wa bóyá Watson ló jẹ̀bi tàbí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì sọ orúkọ tí àwọn fúnra wọn fẹ́ kí a máa kọ sára iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ wa ni àkàrà àti ẹ̀pà yóò ti wá. Ìyá wọn ti ní òun ń bọ̀ wá jiyàn. Ó dìgbà náà o.